Ìwé Alàwòrán àti Àlọ́ fún Ọmọ Kékeré: Èwo Ni Ká Mú, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Bí òbí bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lónìí, tó ní òun ń wá ìwé fún ọmọ ọdún méjì, ìwé ABD ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí i, tàbí ìwé òǹkà, tàbí èyí tí ọmọ yóò máa fi pẹ́ńsù tọ ilà rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ṣe nítorí ìtàn nìkan, tí àgbà lè gbé ọmọ lé itan kí àwọn méjèèjì jọ máa wò, kì í pọ̀ lórí àtẹ. Èyí tó bá wà níbẹ̀, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá, tí wọ́n sì yàwòrán rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì dé ilé ìwé, ó wọ́n bí ojú.

Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò yípo: ohun tí ìwé alàwòrán ń ṣe fún ọmọ tí kò mọ̀wé kà, ohun tí àwọn olùwádìí rí, ohun tó wà nílẹ̀ fún ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi, àti ọ̀nà tí òbí tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan lè gbà yàn. Kí n sì sọ èrò mi tẹ́lẹ̀ kí n má baà fi pamọ́: ìwé ọmọ kékeré tó dára ni èyí tó bá mú àgbà àti ọmọ sọ̀rọ̀, ní èdè tí wọ́n fi ń gbé nínú ilé. Bí àwòrán bá rẹwà, tí páálí rẹ̀ le, tí orúkọ òǹkọ̀wé lókìkí, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sísọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń tò sí.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ìwé ò tíì kan ọmọ tí kò lè jókòó. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, gbà á lámọ̀ràn pé kí dókítà máa rọ àwọn òbí láti ka ìwé sí ọmọ létí láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ìyá àgbà tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ọmọ ìkókó lé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń ki í ní oríkì láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣe. Ọmọ ò gbọ́ ìtumọ̀ oríkì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, ó sì ń rí ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Ọmọ tuntun ò ríran jìnnà. Ohun tó bá wà ní nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú rẹ̀ ló rí dáadáa. Nítorí náà, àwòrán dúdú àti funfun tí ilà rẹ̀ nípọn, ẹyọ kan lójú ewé kan, ti tó o. Ìwé tó kún fún òdòdó wẹ́wẹ́ àti ẹyẹ méjìlá lójú ewé kan, ojú òbí ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ti ọmọ.

Tó bá di bí oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan mìíràn dé. Ní 1998, Judy DeLoache àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n gbé àwòrán síwájú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ náà sì ń nawọ́ sí i, wọ́n ń fi èékánná họ ọ́, wọ́n fẹ́ mú ohun tí wọ́n rí kúrò lójú ìwé. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún dán an wò láàárín àwọn Beng ní Côte d'Ivoire, níbi tí ìwé alàwòrán ò ti wọ́pọ̀ nínú ilé. Ohun kan náà ni wọ́n bá pàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá fi tó nǹkan bí oṣù mọ́kàndínlógún, ọwọ́ tó ń họ àwòrán ti di ìka tó ń nà án. Ó ti yé e pé àwòrán ajá kì í ṣe ajá, pé ọ̀rọ̀ ni èèyàn ń fi àwòrán sọ. Kò sí ìwé tó lè dá kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹni tó jókòó tì í tó ń dá a lóhùn ló kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti àwọn ìwé olówó ńlá tó ń dún, tó ń tan iná, tó ní ilẹ̀kùn pélébé tí ọmọ yóò máa ṣí. Òbí máa ń rà á nítorí pé ó dà bí ẹni pé ọmọ yóò fẹ́ràn rẹ̀, òótọ́ sì ni, ọmọ máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Cynthia Chiong àti DeLoache fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tó ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta ní ABD, àwọn tí wọ́n fi ìwé lásán kọ́ mọ lẹ́tà jù wọ́n lọ. Ohun tí ọmọ ń fà lọ́wọ́ ti gba ọkàn rẹ̀ kúrò lára ohun tó yẹ kó rí. Ìwé páálí tí kò dún, tí ọmọ lè gé jẹ tí kò ní ya, tí èèyàn lè fi àkísà tútù nù, òun ni kí ẹ fi owó yín rà.

Láti ọdún méjì sókè ni ọ̀rọ̀ wá ń dùn. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn òbí kan pé kí wọ́n yéé ka ìwé bí ẹni ń ka ìròyìn, kí wọ́n máa bi ọmọ ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ò lè dáhùn, kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí ọmọ bá sọ. Láàárín oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ náà ti yàtọ̀ gidigidi sí ti àwọn tí òbí wọn kàn ń kàwé fún. Ẹ wò ó bó ṣe bá àlọ́ mu. Apàlọ́ tó mọṣẹ́ kì í dá sọ̀rọ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn ọmọ ti dá a lóhùn. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi jí ọpọlọ, tí oníkálukú ń méfò, kó tó kan àpagbè. Bí ìtàn bá sì dé ibi orin, ọmọ tó kéré jù láàárín wọn náà ń gbè é. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan dára, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tí àwọn bàbá wa máa ń bi àlọ́: níbo ni ọmọ ti máa gbè é?

Àṣà kan wà tó máa ń sú àgbà: ọmọ á ní ìwé àná náà lòun tún fẹ́, àti ti ìjẹta, àti lóru òní. Ẹ má bínú sí i. Ní 2011, Jessica Horst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sussex ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ka ìtàn kan náà ní àkàtúnkà fún àwọn kan, wọ́n sì ka oríṣiríṣi ìtàn tí ọ̀rọ̀ tuntun kan náà wà nínú rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dọ́gba, síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ ìtàn kan náà léraléra ló mọ ọ̀rọ̀ náà jù. Ìròyìn ayọ̀ nìyí fún ẹni tí kò lówó: ìwé mẹ́ta tó dára nínú ilé, tí wọ́n kà títí etí rẹ̀ fi yọ pépé, sàn ju ọgbọ̀n ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n mú ìwé kan wá kí ẹ rí ohun tí mò ń wí. Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tó ń gbé ní Wales, kọ Baby Goes to Market, Angela Brooksbank sì yàwòrán rẹ̀. Ó jáde ní 2017. Ìyá pọn ọmọ lọ sí ọjà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ọmọ yìí fẹ́ràn èèyàn, ojú rẹ̀ ò sì sinmi. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un ní mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó sọ márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀ lórí ìyá rẹ̀. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún, ó mu ọ̀kan, ó sọ mẹ́rin síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó lọ dórí ṣíńṣíń, àgbàdo àti àgbọn, tí iye rẹ̀ ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyá ò sì mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà kò pọ̀. Àwòrán ló mọ ohun tí ìyá ò mọ̀, ọmọ tó ń wò ó náà sì mọ̀ ọ́n, èyí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó ti ọmọ pẹ̀lú rẹ̀, Yorùbá ni mò ń sọ. Ojú ewé ọlọ́sàn á ṣí, màá dákẹ́. Ọmọ á na ìka: "Ó tún gbà á!" Màá ní: "Kí ló gbà?" "Ọsàn." "Mélòó?" A ó kà á. "Ọ̀kan dà?" "Ó ti mu ún." "Ṣé màmá ẹ̀ rí i?" "Rárá o!" Ó di ẹ̀rín. Ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ọmọ ti ń wá ohun tí a máa fún un kí n tó béèrè. Òǹkà wà níbẹ̀, àyọkúrò wà níbẹ̀, orúkọ oúnjẹ wà níbẹ̀, ìkíni ọjà wà níbẹ̀ bí àgbà bá fi kún un: "Ẹ kú ọjà o." Kò sí ibi tí òǹkọ̀wé ti ní kí ọmọ jẹ́ ọmọ dáadáa. Bí ó sì ti wù kó rí, ìwà ọ̀làwọ́ àwọn ọlọ́jà wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí ẹnu mi ti mú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkọ́fipá. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ọmọdé tí wọ́n ń tẹ̀ nílẹ̀ wa, ìjìyà ni ó parí sí: ọmọ purọ́, ọkọ̀ gbá a, ọmọ ṣàìgbọràn, ejò bù ú jẹ. Ojú ewé tó kẹ́yìn á wá béèrè pé "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Ọmọ ọdún mẹ́ta ò rí ẹ̀kọ́ kankan mú níbẹ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Ìwé tó bá ń bá ọmọ wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ.

Ẹnìkan lè ní, àlọ́ Ìjàpá ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Nicole Larsen, Kang Lee àti Patricia Ganea ní Yunifásítì Toronto gbé ìwádìí kan jáde ní 2017 tó kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ka ìtàn kan nípa ohun-ìní pípín fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Fún àwọn kan, ẹranko tó wọṣọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Fún àwọn mìíràn, ìtàn náà ni, èèyàn ni wọ́n fi rọ́pò ẹranko. Lẹ́yìn náà wọ́n wo bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ fún ẹlòmíràn nínú ohun ìlẹ̀mọ́ tirẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ti èèyàn fi kún ohun tí wọ́n ń yọ̀ǹda; àwọn tó gbọ́ ti ẹranko ò fi kún un. Ó jọ pé ọmọ kékeré kì í tètè rí ara rẹ̀ nínú ẹranko.

Àwọn kan á fi èyí dá àlọ́ Ìjàpá lẹ́bi. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ò fi Ìjàpá ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ kankan. Alájẹkì ni, ahun ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Níbi tó ti lá ohun tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ wá wú bí ti aboyún, ọmọ tó ń gbọ́ ọ ò ro ara rẹ̀ mọ́ Ìjàpá. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sí nínú ìtàn nìkan. Ó wà nínú ẹ̀rín, nínú orin tí gbogbo ilé ń gbè, àti nínú ọ̀rọ̀ tí àgbà máa dá sílẹ̀ nígbà tí àlọ́ bá tán. Bí a bá wá tẹ àlọ́ náà sínú ìwé, tí a yọ orin rẹ̀ kúrò, tí a sì fi ojú ewé ẹ̀kọ́ rọ́pò àgbà, ohun tí ó kù kéré púpọ̀. Bí ẹ bá ń yan ìwé àlọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí orin wà. Bí orin ò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì títí tí kò fi ṣeé kọ mọ́, ẹ wá òmíràn.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì. Àlọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀nà ẹ̀tàn mú Erin wọlé pẹ̀lú ìlérí oyè, tó já sínú ihò tó sì kú, dùn fún ọmọ ọdún méje tó ti mọ̀ pé àlọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sunkún Erin mọ́jú. Fún ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀, ẹ mú èyí tó kúrú, tí orin rẹ̀ máa ń padà wá, tí kò sí ikú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó ti lè ṣà á, Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ jọ nínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, orin wọn sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwé àwòrán fún ọmọ ọwọ́. Àgbà ni kó kà á ní kọ̀rọ̀, kó pa ìwé dé, kó wá fi ẹnu pa àlọ́ náà fún ọmọ.

Ti pé kí ọmọ rí irú ara rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n ti sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n Rudine Sims Bishop ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ìwé yẹ kó jẹ́ dígí tí ọmọ ti ń rí ara rẹ̀, kó sì tún jẹ́ fèrèsé tó fi ń wo ilé ẹlòmíràn. Chimamanda Adichie náà sọ ní 2009 pé nígbà tóun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ní ọmọdé, àwọn òyìnbó olójú búlúù tó ń ṣeré nínú yìnyín lòun ń kọ nípa wọn, nítorí pé irú wọn ló wà nínú ìwé tóun ń kà. Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná: nínú 9,115 ìwé ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ní 2017, 391 péré ni ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí CLPE, àjọ kan níbẹ̀ tó ń rí sí ìwé kíkà ọmọdé, ṣe kà á. Nígbà náà, òbí ní láti wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri kó tó rí i.

Nílé ńkọ́? Ibí yìí ni mo ní ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ayàwòrán wa sọ. Ìwé tó bá ní òun jẹ́ ti Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé abà oníkoríko, ìkòkò amọ̀ àti bàbá tó jókòó sábẹ́ igi ni wọ́n máa ń yà sínú rẹ̀. Ó dára kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé ní Akóbọ̀ tàbí Ìkòròdú, tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, tó ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, tí bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ń dúró dè é lójú títì nírọ̀lẹ́, níbo ló ti máa rí ayé tirẹ̀ ní èdè rẹ̀? Bí gbogbo ìwé Yorùbá bá ń jẹ́ ti àtijọ́, ọmọ á gbà pé èdè náà jẹ́ ti àtijọ́. Too Small Tola tí Atinuke gbé jáde ní 2020 fi ọmọbìnrin kan sínú fúláàtì kan ní Èkó pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀, ó sì dùn mọ́ àwọn ọmọ tó ti ń mọ̀wé kà. Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà. Mo ń retí ẹni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Kí ló dé tí wọn ò tíì ṣe é tó? Kì í ṣe pé a ò ní ìpìlẹ̀. J. F. Ọdúnjọ fi Aláwìíyé kọ́ ìran mélòó kan ní ìwé kíkà, ọ̀pọ̀ àgbà lónìí ló ṣì lè ka ewì inú rẹ̀ lórí. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí dojú kọ. Àwọn atẹ̀wé wa náà, ilé ìwé ni wọ́n ń wò, nítorí ibẹ̀ ni ọjà wà. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ìjọba náà ò dúró lójú kan. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Atẹ̀wé wo ló máa náwó lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀? Owó pàápàá jẹ́ ìṣòro. Ìwé alàwòrán ń fẹ́ bébà tó dán àti íńkì oríṣiríṣi, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bbà, Ìwópin àti Oku Iboku ti dákẹ́. Ẹ̀bùn ìwé tó tóbi jù nílẹ̀ wa, Nigeria Prize for Literature, tó tó 100,000 dọ́là, ń kan ìwé ọmọdé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ní 2015 àwọn adájọ́ ò rí ẹni fún, wọ́n ní èdè ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò gún, wọn ò sì ṣàtúnṣe rẹ̀ dáadáa. Ní 2024, Olúbùnmi Familoni gbà á. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbà sínú ìdíje náà, àwọn tó sì ń borí jẹ́ ti ọmọ tó ti dàgbà tó láti dá kàwé.

Ibi tí ìwé Yorùbá fún ọmọ kékeré ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni orí íńtánẹ́ẹ̀tì. African Storybook tó fìdí kalẹ̀ sí South Africa, àti StoryWeaver tí Pratham Books ní Íńdíà dá sílẹ̀ ní 2015, ní ìtàn alàwòrán ní Yorùbá tí èèyàn lè kà, tó lè tẹ̀, tó sì lè pín láì san kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ lajú. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìtumọ̀ tí kò dùn lẹ́nu, àmì ohùn á sì pòórá nínú òmíràn. Àgbà tó ń kàwé sókè fún ọmọ ò ní àyè láti máa dúró ro bóyá igbá ni tàbí igba tàbí ìgbà. Ọmọ á ti sá lọ. Ẹ fi ẹnu ka ojú ewé méjì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ABD: álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, GB wà níbẹ̀, C àti Q ò sí níbẹ̀. Ìwé tó bá fi wọ́n sí i, ẹni tó ṣe é ò gbọ́ èdè náà.

Ó wú mi lórí pé àwọn tó ti kúrò nílé láti ọjọ́ pípẹ́ ń ṣe tiwọn. Ní Brazil, lẹ́yìn tí òfin 10.639 ti 2003 sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ìwé ọmọdé nípa òrìṣà túbọ̀ ń jáde. Reginaldo Prandi ti gbé Ifá, o Adivinho jáde ṣáájú, ní 2002. Kiusam de Oliveira sì fi Omo-Oba jáde ní 2009, ìtàn àwọn òrìṣà gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin ọlọ́lá. Ní Cuba, Ìjàpá ti di Jicotea. Lydia Cabrera kó ìtàn rẹ̀ jọ ní 1971, ó sì pè é ní Ayapá. Nílé níbí, òbí kan lè má fẹ́ ìtàn tó dárúkọ òrìṣà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Kò burú, àlọ́ ẹranko pọ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kó torí ìyẹn lé gbogbo àlọ́ kúrò nínú ilé.

Fóònù ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Kàtúùnù Bino and Fino tí wọ́n ṣe ní Àbújá dára, ó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ èdè wa. Ṣùgbọ́n kàtúùnù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ.

Fóònù yẹn kan náà ni mo fẹ́ kí òbí fi ṣe ìwé. Ẹ ya àwòrán mẹ́jọ: ojú màmá àgbà, adìẹ ẹ̀yìnkùlé, bàtà ọmọ fúnra rẹ̀, ìyá elékuru, kẹ̀kẹ́ Márúwá, garawa omi, ìbejì ilé kejì, ibùsùn. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ síta ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi okùn so ó. Ẹ kọ gbólóhùn kan péré sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ti rí ọmọ tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sùn, tó ń nà án sí gbogbo àlejò tó wọlé, tó ń pe orúkọ ìyá elékuru kó tó pe ti ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń ra ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ ka ojú ewé mẹ́ta sókè. Bí ahọ́n yín bá ń kọsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ wo àwòrán nìkan: ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí ọmọ lè rí tí ọ̀rọ̀ ò sọ? Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin atẹ̀wé Ìbàdàn àti Èkó, ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ tẹ ìwé páálí mẹ́wàá fún un ní Yorùbá, èyí tí ojú ewé rẹ̀ ò ju méjìlá lọ, tí orin wà nínú rẹ̀, tí ìlú tó ń gbé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ rà á sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyá mú ọ̀kan lọ sílé. Wọ́n ti ń pín ìwé fún ọmọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1992, tí Bookstart bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè fún ìwé Yorùbá ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá wọ̀, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí. Ẹni tó ń tajà máa ń rántí ohun tí wọ́n béèrè tí kò ní.